Ojú Àlejò Tó Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ríran: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbàlagbà Tó Fẹ́ Rìnrìn-àjò Pẹ̀lú Ẹ̀sọ̀

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹ bá ti lo ọjọ́ méjì ní ìlú kan rí, tí ẹ lo ọjọ́ kan ààbọ̀ ní òmíràn, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ ya fọ́tò ààfin, ẹ ya fọ́tò afárá, ẹ padà sílé. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ẹ ò rántí ìlú tí afárá náà wà mọ́. Ojú wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àkókò tí ojú fi ń ríran ni kò sí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ níbí: ẹ yan ibì kan, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀ títí ojú yín yóò fi máa ríran. Oṣù kan dára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún dára jù ú lọ. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni irú ìrìn báyìí yẹ jù, nítorí ó ní àkókò tí ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kò ní. Orúnkún tó ń sáré gun àtẹ̀gùn, èyí tí ọ̀dọ́ fi jù ú lọ, ìrìn ẹ̀sọ̀ kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́wàá, ìlú mẹ́rin. Ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ ń padà ti lọ, ó ku mẹ́jọ. Láti ìlú kan sí èkejì, ẹ ó di ẹrù, ẹ ó kúrò nílé ìtura kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ ó dúró de ọkọ̀, ẹ ó wá ilé tuntun, ẹ ó tún tú ẹrù. Ìdajì ọjọ́ nìyẹn ó kéré tán, àárẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìdajì tó kù. Ìṣípò mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta. Ó ku ọjọ́ márùn-ún fún ìlú mẹ́rin! Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì padà délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti fọ́tò tí n kò lè dárúkọ. Ẹni tó lo 30 ọjọ́ lójú kan ní ọjọ́ 28 lọ́wọ́ tó jẹ́ tirẹ̀.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1986, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ kíákíá McDonald's sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn olókìkí kan báyìí nílùú Róòmù, Carlo Petrini, ará Itálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá pé ìkánjú ń ba ayé jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Slow Food, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀sọ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1999, àwọn olórí ìlú kéékèèké kan ní Itálì dá Cittaslow sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìlú tí kò fẹ́ kánjú. Ìrìn-àjò náà gba ẹ̀mí yẹn lẹ́yìn wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ lè rìn kí ẹ tó wá ibi jókòó? Àtẹ̀gùn mélòó ni ẹ lè gùn láì dúró mí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ń dìde lóru? Ẹ má fi ọjọ́ tí ara yín dá jù ṣe òṣùwọ̀n o. Ọjọ́ tí orúnkún ń dùn yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò bá yín lọ, kò níí dúró de yín sílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò nítòsí. Ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí ẹ lè ti padà sílé lọ́jọ́ kan bí nǹkan bá yí. Ẹ ó rí ohun tí ẹ gbàgbé mú àti ohun tí ẹ rù lásán. Ẹ ó tún mọ̀ bóyá ẹ lè fara da ara yín láìsí ọmọ, láìsí ọmọ-ọmọ, láìsí àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ìpàdé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pariwo oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nítòsí ju òkè òkun lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: dókítà àti oògùn

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó gbéra, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan máa ń gba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an fún un, àti iye ọjọ́. Bí orílẹ̀-èdè náà bá ń bèèrè ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ mọ̀ pé láti oṣù keje 2016, ìwé yẹn kì í kú mọ́: ẹni tó bá ti gbà á nígbà kan rí, ó tó fún un títí ayé.

Ẹ ní kí dókítà kọ ìwé kan tí yóò dárúkọ àìsàn yín, oògùn kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀. Orúkọ oògùn gan-an ni kí ó kọ, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un nìkan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lè ní orúkọ mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ṣùgbọ́n oníkẹ́mísì níbi gbogbo ló mọ amlodipine.

Ẹ kó oògùn tó tó gbogbo ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lé e. Ẹ fi sínú páálí tàbí ìgò tó ti wá, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ sínú báàgì tí ẹ ń gbé dání. Ẹ má fi sínú àpótí tó ń lọ sí ikùn bàálù láéláé: àpótí máa ń sọnù, òtútù ibẹ̀ sì lè ba insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, jẹ́. Òfin olómi 100 mílílítà tó wà ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kò de oògùn tí ẹ nílò lójú ọ̀nà, ẹ ṣáà fi hàn wọ́n.

Ibì kan tún wà tí àwọn èèyàn ti máa ń kó sí wàhálà. Oògùn tí dókítà yín kọ fún yín tọkàntọkàn lè jẹ́ ẹrù òfin níbòmíràn. Japan kì í gba oògùn tó ní amphetamine wọlé rárá, kódà bí ẹ bá ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Ní United Arab Emirates, tramadol àti codeine, tí àgbàlagbà púpọ̀ ń lò sí ìrora, gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó wọlé. Ẹ wo ojú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà, ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ sọ.

Ẹ mú awò ojú kejì dání. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ mú bátìrì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí ẹ máa lọ

Fọ́tò ló ń tan èèyàn jẹ jù lọ. Ibi tó dára fún fọ́tò lè má dára fún gbígbé. Fẹ́nísì, ìlú orí omi ní Itálì, lẹ́wà, àmọ́ afárá ibẹ̀ ju 400 lọ, àtẹ̀gùn ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú lè máa rí òdìkejì omi kó má lè dé ibẹ̀. Lisbon ní Potogí náà rèé, òkè lórí òkè. N kò ní kí ẹ má lọ. Ohun tí mo ní ni pé kí ẹ mọ apá ibi tó tẹ́jú nínú ìlú náà kí ẹ tó sanwó ilé.

Ìlú tó wà láàárín ni mo fẹ́ràn jù: kò tóbi débi tí ọkọ̀ yóò fi gba wákàtí méjì, kò sì kéré débi tí kò fi ní ilé ìwòsàn gidi. Ẹ wá ibi tí ọjà, kẹ́mísì, ibùdókọ̀ àti ọgbà kan tó ní ìjókòó lábẹ́ igi kò fi jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìjókòó lábẹ́ igi yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ lè rí i lórí àwòrán òpópónà Google kí ẹ tó lọ. Ẹ fi ìka rìn ín láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ọjà, ẹ wo bóyá ojú ọ̀nà dán tàbí ó jẹ́ òkúta ṣákaṣàka.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo oṣù. Ìlú kan náà kì í ṣe ìlú kan náà ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹjọ. Chiang Mai ní Thailand gbádùn mọ́ni lópin ọdún, ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, èéfín igbó jíjó máa ń bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ wà ńbẹ̀. Ooru oṣù Keje àti Ìkẹjọ ní àwọn ìlú etí òkun Mẹditaréníà kì í ṣe eré fún àgbà, torí bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀, òǹgbẹ kì í tètè gbẹ wá mọ́ kódà nígbà tí ara ti gbẹ. Lódìkejì, ọ̀pọ̀ ilé ní gúúsù Potogí kò ní ohun tó ń mú gbogbo ilé gbóná nígbà òtútù. Ìgbà tí èrò ti tú ká, tí ojú ọjọ́ ṣì dára, ni tiyín: owó ilé máa ń wálẹ̀ nígbà náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ráyè sọ̀rọ̀.

Bí ibẹ̀ bá ga ju 2,500 mítà lọ sókè ìtẹ́jú òkun, ẹ fọ̀rọ̀ lọ dókítà, pàápàá bí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró bá ń yọ yín lẹ́nu. Cusco ní Peru tó nǹkan bíi 3,400 mítà. Ẹni tó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ sùn ní àfonífojì tó rẹlẹ̀ jù ú lọ nítòsí fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gòkè. Àǹfààní ìrìn ẹ̀sọ̀ nìyẹn, ẹ ní ọjọ́ tí ẹ lè fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé àti ìńṣọ́ránsì

Ẹ má ka oṣù, ọjọ́ ni kí ẹ kà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè 29 tó wà lábẹ́ àdéhùn ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Schengen ní Yúróòpù, àlejò kò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ èyíkéyìí, gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n sì ń kà pọ̀ bí ẹyọ kan. Ẹ ò lè lo 90 ní Faransé kí ẹ tún lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Sípéènì. Ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ lọ, méjèèjì wà nínú ìṣirò. Láti oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gba àwòrán ojú àti ìka dípò òǹtẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ló ń ka ọjọ́ yín, ẹ̀rọ kì í sì í ṣàṣìṣe ìwọ̀nba ọjọ́ méjì nítorí pé ẹ jẹ́ àgbà. Bírítéènì kò sí lára wọn: físà àlejò tiwọn sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní físà fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ní owó tó ń wọlé. Thailand ní èyí tí ẹni tó bá pé 50 ọdún lè bèèrè fún, Potogí sì ní èyí tí wọ́n ń pè ní D7. Ẹ má tíì sáré síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo oṣù kan bí àlejò. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọdún kan, ọ̀pọ̀ ìjọba lè kà yín sí ará ìlú lórí ọ̀rọ̀ owó orí.

Páásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kí ó ku oṣù mẹ́fà kó tó kú. Ti Schengen jẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò, kò sì gbọdọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é.

Ní ti ìńṣọ́ránsì, ẹ jókòó kí ẹ ka gbogbo rẹ̀, títí kan ìwé wínníwínní tó wà lẹ́yìn. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wá. Àkọ́kọ́, iye ọjọ́: ọ̀pọ̀ ìńṣọ́ránsì ọdún kan kì í dáàbò bo ìrìn-àjò kan ju ọjọ́ 30 tàbí 45 lọ, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì yín lè bá yín níta láìsí ààbò. Ìkejì, ọjọ́ orí tí wọn kì í kọjá. Ìkẹta, àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀: ẹ sọ gbogbo rẹ̀, kódà èyí tó ti lọ, torí ohun tí ẹ fi pamọ́ ni wọ́n máa fi kọ̀ láti sanwó. Ìkẹrin, owó gbígbé aláìsàn padà sílé, èyí tó lè wọ́n ju owó ilé ìwòsàn lọ. Ará Amẹ́ríkà tó ń lo Medicare, ìńṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba wọn ṣe fún àgbà, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í sábà sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn odi. Ẹni tó ń gba físà Schengen sì nílò ìńṣọ́ránsì tí kò dín ní 30,000 yúrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé

Ìlú lè dára kí ilé ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí onílé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì bèèrè lọ́rọ̀ tó ṣe kedere. Ẹ má bèèrè pé "ṣé ó rọrùn?" Gbogbo onílé ló máa ń sọ pé ó rọrùn. Ẹ bèèrè pé: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú títì dé orí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kà á fún mi. Ṣé wọ́n ní ohun ìdìmú? Ṣé lífìtì wà, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ẹ ṣọ́ra níbi orúkọ àjà ilé: ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àjà kìíní ni èyí tó wà lórí ìsàlẹ̀, ní Amẹ́ríkà sì rèé, àjà kìíní ni ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹni tó gba "àjà kejì" lè bá ara rẹ̀ ní òkè tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ gba fọ́tò balùwẹ̀. Ọpọ́n ìwẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ wọ̀ ga, ó sì máa ń yọ̀. Ibi ìwẹ̀ tó tẹ́jú mọ́ ilẹ̀ ló dára. Báwo ni ojú ọ̀nà láti ibùsùn dé ilé ìyàgbẹ́ ṣe rí lóru? Èmi máa ń mú iná kékeré kan tó ń tàn fúnra rẹ̀ dání. Ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ju ti egungun ìbàdí tó ṣẹ́ lọ.

Ẹ bèèrè nípa ariwo náà. Ilé tó wà lókè ilé ọtí dùn fún alẹ́ ọjọ́ kan, oṣù kan ni ẹ fẹ́ lò. Ẹ bèèrè nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ, íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń mú ilé tutù tàbí gbóná. Ẹ wo àga inú fọ́tò: ṣé ọ̀kan wà tí ẹ lè jókòó sí fún wákàtí méjì ka ìwé? Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi ń gba àlejò ni kò ní ju ìjókòó líle méjì lọ. Ẹ ó rí i pé àga yìí ṣe pàtàkì ju ferese tó kọjú sí òkun.

Owó wá ńkọ́? Lórí Airbnb, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba ilé, ìdúró tó bá tó ọjọ́ 28 ni wọ́n ń kà sí ti oṣù, ọ̀pọ̀ onílé sì máa ń dín owó kù fún un. Àmọ́ ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbi tó ní ìdánilójú. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rìn yíká, ẹ mọ àdúgbò, ẹ wá fi ojú ara yín wo ilé tí ẹ máa fi gbé ìyókù. Bó bá jẹ́ àsìkò èrò, ẹ má gbìyànjú èyí. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí ẹ fi sẹ́yìn

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Ọ̀pọ̀ ìńṣọ́ránsì ilé máa ń dáwọ́ dúró bí ilé bá ṣófo fún ọjọ́ 30 tàbí 60. Ẹ pè wọ́n. Ẹ fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ sọ fún báńkì. Ẹ mú káàdì méjì láti báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì fi wọ́n sínú àpamọ́wọ́ kan náà. Bí ẹ̀rọ owó bá bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ san án ní owó ilé yín tàbí ti ibẹ̀, ti ibẹ̀ ni kí ẹ mú. Èkejì máa ń gbowó lé e. Ẹ má sì pa nọ́ńbà fóònù ilé yín rẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni báńkì ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí. Mo mọ ẹnì kan tí owó rẹ̀ wà, tí káàdì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n síìmù tó yẹ kó gba nọ́ńbà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ ìrìn

Bí bàálù bá gùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Ẹ gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ máa dìde, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yín, ẹ mu omi. Bóyá kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, dókítà ni yóò sọ.

Ẹ bèèrè fún ìrànlọ́wọ́ ní pápákọ̀. Àwọn àgbà kan kì í fẹ́ jókòó sórí àga onítáyà, wọ́n ní àwọn kò yarọ. Kò sẹ́ni tó ní ẹ yarọ. Ẹnu ọ̀nà bàálù lè jìnnà ju kìlómítà kan lọ, ẹsẹ̀ yín sì ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é fún oṣù kan. Ní Yúróòpù, òfin ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣáà sọ ọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú. Bí ọ̀nà bá gùn jù, ẹ sùn sí àárín ọ̀nà lálẹ́ kan tàbí méjì. Kí ẹ sì yan bàálù tó máa balẹ̀ lójúmọmọ: wíwá ilé tí ẹ ò mọ̀ lókùnkùn kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan

Èyí ló ṣòro jù. Ẹni tó sanwó tó pọ̀ máa ń fẹ́ rí nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ara nílò nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí aago fi yàtọ̀ sí ti ilé, bí ẹ bá sì lọ sí ìlà oòrùn, ó máa ń le jù. Ẹ jáde sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ sùn lálẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó ń lo insulin tàbí oògùn tó ní wákàtí, ẹ ti gbọ́dọ̀ bá dókítà ṣètò bí ẹ ó ṣe yí àkókò rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ẹ rìn dé kẹ́mísì, ẹ kí wọn. Ọjọ́ kẹta, ẹ wá ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí ẹ mọ ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì dá. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì sí ara ògiri. 112 ni jákèjádò ilẹ̀ European Union. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín ní èdè ibẹ̀ sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi sápò, torí fóònù máa ń kú.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú èdè wọn: ìkíni, ọpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni, ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í sọ tí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìlẹ̀kùn púpọ̀ ló ń ṣí láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ wá yan ibì kan, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ ní wákàtí kan náà. Ìjókòó kan nínú ọgbà, tábìlì kan ní ilé ìkàwé, ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Ẹ má yí i padà. Ọjọ́ kẹrin, ẹni tó wà níbẹ̀ yóò mi orí sí yín. Ọjọ́ kẹsàn-án, yóò kí yín. Ọjọ́ tí ẹ ò bá wá, yóò bèèrè lọ́jọ́ kejì pé kí ló dé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ kì í ṣe àlejò pátápátá mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí oṣù ṣe máa ń lọ

Ohun kan lóòjọ́. Ìyẹn ni òfin tí mo fi ń rìn, n kì í sì í rú u. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀, ọ̀sán jẹ́ ti oorun, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ìjókòó lábẹ́ igi. Bí òjò bá rọ̀, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ọkàn: nǹkan bíi 35,000 iṣẹ́ ọnà ló wà ní gbangba nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju ọjọ́ 24 lọ láìsùn. Ẹni tó ní ọ̀sán kan ṣoṣo á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tó ní oṣù kan lè wọlé fún wákàtí kan, kó jókòó níwájú àwòrán méjì, kó lọ sílé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí ẹ ó bá máa tún lọ, ẹ bèèrè iye káàdì ọdún kan; nígbà mìíràn ìwọlé mẹ́ta ló dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹ̀dínwó àgbà náà lórí ọkọ̀ ojú irin. Níbi púpọ̀ láti 60 tàbí 65 ọdún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò bèèrè.

Ẹ fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ láìṣe ohunkóhun tó jọ ti arìnrìn-àjò: ẹ fọṣọ, ẹ gé irun, ẹ pe ilé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìlú mìíràn, ẹ lọ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà, kí àpótí yín dúró sílé.

Ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá ni ìdánìkanwà máa ń dé. Ohun tuntun ti dín, ọ̀rẹ́ kò tíì sí. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe nǹkan pọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: kíláàsì èdè, ẹgbẹ́ akọrin, ilé ìjọsìn, àwọn tó ń rìn láàárọ̀, àwọn tó ń ta ayò. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe kì í béèrè èdè púpọ̀.

Tọkọtaya, tiyín yàtọ̀. Oṣù kan nínú yàrá méjì lè tú àṣírí ìgbéyàwó tó ti pé ogójì ọdún. Ẹ pín òwúrọ̀: kí baba lọ síbi tó wù ú, kí ìyá náà lọ síbi tó wù ú, kí ẹ pàdé lọ́sàn-án. Ẹ ó ní ìròyìn tí ẹ fẹ́ sọ fún ara yín, ohun tó ti pẹ́ tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé púpọ̀.

Ìgbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan tí kò sí nínú ìwé arìnrìn-àjò kankan. Ẹ ó mọ ọkọ̀ tó máa ń pẹ́. Ẹ ó mọ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ dùùrù ní aago mẹ́rin, tí ọmọ náà ń ṣì í níbì kan náà lójoojúmọ́. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ tí kò ṣì í, inú yín á dùn bí ẹni pé ọmọ yín ni.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sáré lọ síbi tí ẹ ò tíì dé. Ẹ fi padà síbi tí ẹ ti mọ̀. Ẹ dín ẹrù kù, ẹ fún aládùúgbò ní ohun tí ẹ ò lè gbé. Ẹ sọ fún oníkẹ́mísì, onítíì, ẹni orí ìjókòó, ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ má kàn pòórá. Ẹ kọ àwọn nǹkan kéékèèké sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé: nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ onílé, oṣù tí ẹ rí i pé ó dára jù, àga tó dùn ún jókòó. Bí ẹ bá ń padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ wá.